Ọ̀nà odò gba inú ilẹ̀ tí mo rà létí dáàmù: ṣé mo lè mọ odi dí i, ṣé mo sì lè kan jẹ́tì ti ara mi?

Olùkọ́ Àná (ọjọ́ 4, oṣù Kẹfà)

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà lórí àpérò yìí. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò kí ó tó dé iwájú adájọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá, nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì mi jáde, mo ra pílọ́ọ̀tì méjì lọ́wọ́ ẹbí kan ní ìlú wa ní Gúúsù Kwara, ní etí omi tí dáàmù ìjọba sé jọ. N kò ní dárúkọ ìlú náà, nítorí n kò fẹ́ fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí mo ní lọ́kàn kò ju pé kí n kọ́ ilé kékeré kan síbẹ̀, kí n gbin ọsàn díẹ̀, kí n sì kan àtẹ́lẹ̀ onípákó tí yóò wọ inú omi ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èyí tí gbogbo wa ń pè ní jẹ́tì, kí n lè máa jókòó lórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kí n máa fi ìwọ̀ pẹja.

Lọ́jọ́ tí mo lọ wo ilẹ̀ náà, n kò rí ọ̀nà kankan níbẹ̀ ju ipa ẹsẹ̀ tóóró kan lọ, mo sì rò pé ti àwọn ọdẹ ni. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, nígbà tí mo já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ láti mọ odi, àwọn obìnrin mẹ́rin wá bá mi. Wọ́n kúnlẹ̀ kí mi, èyí tó dàgbà jù nínú wọn sì sọ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Bàbá Tíṣà, ọ̀nà odò nìyí o." Wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn ti ń fọ irú láti ìgbà tí omi dáàmù ti dé ibẹ̀, àti pé àwọn apẹja méjì ń so ọkọ̀ wọn mọ́ kùkùté igi tó wà níbẹ̀. Ẹbí tó ta ilẹ̀ fún mi ní kí n má dá wọn lóhùn. Ìwé àdéhùn tí ó wà lọ́wọ́ mi sọ pé ààlà ilẹ̀ mi ní ìhà ìwọ̀ oòrùn ni "omi dáàmù".

Ìbéèrè mi ni pé, nígbà tí ilẹ̀ ẹni bá dé etí omi, ṣé omi iwájú rẹ̀ di tirẹ̀ ni? Ṣé mo lè dí ọ̀nà yìí? Bí n kò bá sì lè dí i, ṣé mo ṣì lè kan jẹ́tì mi?

Ọlọ́gbà Etí Omi (ọjọ́ 4, oṣù Kẹfà)

Tíṣà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èrò tèmi ni pé kí ẹ mọ odi yín. Mo ní ọgbà létí omi kan lẹ́yìn Ìlọrin, mo sì mọ ohun tí ojú mi rí kí n tó fi wáyà yí i ká. Ẹ máa jí ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kí ẹ bá ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ìgò ọtí àti egungun ẹran tí wọ́n fi ṣe àríyá lọ́jọ́ Àìkú. Èyí tó dùn mí jù ni pé ọmọ ọdún mọ́kànlá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sínú omi níwájú ilẹ̀ mi. Àwọn òbí rẹ̀, tí n kò mọ̀ rí, wá ń bi mí pé kí ló dé tí n kò fi ṣọ́ ibẹ̀. Bí ọ̀nà bá ti gba inú ilẹ̀ ẹni, ọ̀ràn tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ti di ọ̀ràn ẹni. Ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo ayé máa kọjá ni kí ó wá bá wa gbá a, kí ó sì wá bá wa ṣọ́ ọ.

Ọmọ Oníirú (ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà)

Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí yín, sà. N kò mọ̀ bóyá ìlú wa ni ẹ ń sọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn ni ìyá mi fi tọ́ mi dé ilé ẹ̀kọ́ gíga, ẹ sì jẹ́ kí n sọ ìdí tí àwọn obìnrin yẹn kò fi lè lọ ṣe é níbòmíràn bí ẹni bá ń rò pé wọ́n lè lọ.

Irúgbá tí a bá sè mọ́jú, a ó da eérú tàbí iyanrìn sí i, a ó wá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tàbí kí a gún un nínú odó títí èèpo yóò fi bọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni omi dé. Apẹ̀rẹ̀ ni a ń kó o sí, a ó rì í sínú omi, a ó máa fi ọwọ́ rú u káàkiri, èèpo dúdú yóò léfòó, a ó dà á dànù, a ó tún rì í, títí tí irú yóò fi funfun nínú apẹ̀rẹ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú omi kànga lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí kànga wa gbẹ ní ọdún kan, a ra omi lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ omi, garawa méje ni ó gbà láti fọ kóńgò mẹ́ta mọ́, owó omi sì gbé gbogbo èrè ọ̀sẹ̀ yẹn lọ.

Ohun kan tún wà tí ẹ lè fi ojú ara yín wò. Ẹ lọ sí ibi tí ọ̀nà yẹn ti kan omi, kí ẹ fi igi tú ilẹ̀ ibẹ̀. Bí ilẹ̀ náà bá dúdú, tí ó rọ̀ bí àtàn, tí ẹ sì rí pẹlẹbẹ kéékèèké nínú rẹ̀ bí èékánná ọmọdé, èèpo irú ni. Kì í tètè jẹrà. Bí ó bá jìn ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, àwọn obìnrin yẹn kò purọ́ fún yín.

Awọnlẹ̀ (ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà)

Kí a tó sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́, mo ní ìbéèrè kan fún Tíṣà. Oṣù wo ni wọ́n wọn ilẹ̀ náà, tí wọ́n ri bíkọ́nì, òpó kékeré tí a fi ń sàmì ààlà, mọ́lẹ̀?

Olùkọ́ Àná (ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà)

Oṣù Kẹta ni.

Awọnlẹ̀ (ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà)

Ó tán. Mo ti ń fura bẹ́ẹ̀.

Tíṣà, etí omi dáàmù kì í dúró sí ojú kan. Oṣù Kẹta ni omi máa ń fà jù níhà ibí, nítorí pé òjò kò tíì rọ̀, wọ́n sì ti fa omi náà fún ìlú láti oṣù Kọkànlá wá. Ẹni tó bá wọn ilẹ̀ nígbà náà lè wọn isàlẹ̀ omi pọ̀ mọ́ ilẹ̀ gbígbẹ, nítorí pé ilẹ̀ tí omi fà sílẹ̀ yóò ti hu koríko, àwọn mìíràn yóò tilẹ̀ ti gbin ẹ̀fọ́ sí i. Nígbà tí ó bá di oṣù Kẹsàn-án, omi á padà wá gba ilẹ̀ rẹ̀. Mo ti rí bíkọ́nì tí ó wà nínú omi tó mu ènìyàn dé orúnkún, tí onílẹ̀ rẹ̀ sì ń fi C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba fún un, bú omi.

Bí a bá fẹ́ mọ ibi tí adágún dáàmù pin sí, kì í ṣe ibi tí omi wà lónìí ni a ó wò. Ibi tí omi ti ń ṣàn gba orí ògiri dáàmù kọjá nígbà tí ó bá kún ni a ó lọ wọn gíga rẹ̀, a ó sì gbé gíga kan náà yí gbogbo etí adágún ká. Gbogbo ohun tó bá wà nísàlẹ̀ ìlà yẹn, isàlẹ̀ omi ni, bí àgbàdo tilẹ̀ hù lórí rẹ̀. Lókè ìlà náà, ìjọba a sì tún máa gba ilẹ̀ díẹ̀ mọ́ ọn nítorí ìkún omi àti kí ìdọ̀tí má baà ṣàn wọlé. Máàpù ilẹ̀ tí ìjọba gbà fún dáàmù náà yóò wà ní ọ́fíìsì. Ẹ lọ wò ó kí ẹ tó gbé búlọ́ọ̀kù kan lé òmíràn.

Ọmọ Abẹ́ Omi (ọjọ́ 6, oṣù Kẹfà)

Orúkọ tí mo ń jẹ́ níbí kì í ṣe àwàdà. Oko bàbá bàbá mi wà lábẹ́ omi dáàmù kan ní apá ọ̀dọ̀ wa, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ẹ̀gbẹ́ ti àwọn ẹbí tó ń ta ilẹ̀, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni yóò pè wọ́n ní olè kí ọ̀rọ̀ yìí tó parí.

Nígbà tí ìjọba dé, wọ́n ka igi kòkó, wọ́n ka igi obì, wọ́n ka ọ̀pẹ, wọ́n sì san owó lórí ohun tí wọ́n kà. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀, wọn kò kà á. Bàbá mi sọ fún mi pé ọkùnrin tó ń ka igi náà ń fi ẹfun sàmì sí wọn lára, òjò sì rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì, ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀. Owó náà tán kí ọdún tó yípo. Omi wá dúró níbi tí kò dé ibi tí wọ́n sọ pé yóò dé, ilẹ̀ tó ṣẹ́kù létí rẹ̀ wá ń wo àwọn ènìyàn lójú. Ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀, tó sì ń rí i lójoojúmọ́ pé kò sí ẹni tó ń lò ó, kò lè gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé kì í ṣe tòun mọ́. N kò sọ pé ó dára kí a tà á. Ẹbí tèmi náà tà nínú rẹ̀, mo jẹ nínú owó náà, n kò sì lè fi ọwọ́ sọ àyà pé mo kọ̀ ọ́.

Agbẹjọ́rò Etí Asà (ọjọ́ 7, oṣù Kẹfà)

Ẹ jẹ́ kí n gbé òfin kalẹ̀, ṣùgbọ́n kí Tíṣà má fi ọ̀rọ̀ orí ìkànnì rọ́pò agbẹjọ́rò tirẹ̀ tí yóò rí ìwé náà.

Òfin Lílo Ilẹ̀ tí ó jáde ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ gómìnà láti máa tọ́jú rẹ̀ fún ànfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Abala 28 fún un lágbára láti gba ilẹ̀ padà nígbà tí ohun tó kan gbogbo ìlú bá bèèrè fún un, abala 29 sì sọ ohun tí wọ́n máa san. Irè oko, ilé àti àtúnṣe tí ènìyàn ṣe sórí ilẹ̀ ni wọ́n ń san owó lé. Fún ilẹ̀ fúnra rẹ̀, owó tí ènìyàn san fún ìjọba lórí rẹ̀ ní ọdún tí wọ́n gbà á nìkan ni wọ́n ń dá padà, èyí tí kì í sábà tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tí ohun tí Ọmọ Abẹ́ Omi sọ fi rí bẹ́ẹ̀. Bí ìjọba bá ti gba ilẹ̀ fún dáàmù lọ́nà tó bófin mu, ẹbí kò ní nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ láti tà. Ẹnikẹ́ni kò lè fún ènìyàn ní ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, bí ìwé àdéhùn náà ti wù kí ó dára tó.

Ní ti omi, Òfin Ohun Àmúṣọrọ̀ Omi ti ọdún 1993 ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Òfin yìí fún ẹnikẹ́ni láyè láti pọn omi lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìlò ilé rẹ̀ tàbí fún ẹran ọ̀sìn rẹ̀ láti inú odò tí gbogbo ènìyàn ní àyè láti dé. Ó tún fún wọn láyè láti pẹja, kí wọ́n sì tu ọkọ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti ta ko òfin mìíràn. Mo fẹ́ kí ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì: "tí gbogbo ènìyàn ní àyè láti dé". Òfin fún wọn ní omi, ṣùgbọ́n kò gbé ọ̀nà lé wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti dí ọ̀nà tó kù, kò fọwọ́ kan omi rárá, síbẹ̀ ó ti gba omi náà lọ́wọ́ gbogbo ìlú. Nítorí náà ni mo fi ń sọ pé ẹjọ́ omi kò sí lóòótọ́, ẹjọ́ ọ̀nà ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ti ń gbà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ní gbangba, láìsí jàgídíjàgan, tí wọn kò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnì kan, lè di ẹ̀tọ́ lójú òfin, àwọn èèpo irú tí ọmọ wa sọ̀rọ̀ rẹ̀ sì lè ṣe ẹ̀rí ju ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìí tó ń sọ̀rọ̀ lọ.

Jẹ́tì ńkọ́? Òpó jẹ́tì yóò dúró sínú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ omi, ilẹ̀ yẹn kì í sì í ṣe ti Tíṣà. Ó gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe àkóso dáàmù náà. Bí ó bá jẹ́ pé orí Odò Ọya fúnra rẹ̀ ni, Àjọ tó ń rí sí Ojú Omi inú Orílẹ̀-èdè, NIWA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1997 tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́ja, ni yóò tọ̀ lọ. Ẹ ó rántí pé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ láàárín àjọ yìí àti Ìpínlẹ̀ Èkó ní oṣù Kìíní ọdún 2024, tí wọ́n sì gbè sẹ́yìn àjọ náà lórí ojú omi tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀.

Ará Michigan (ọjọ́ 8, oṣù Kẹfà)

Ẹ̀yin ará ilé, Òkè-Oyì ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń gbé ní Michigan ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìjà jẹ́tì kò ti tán lẹ́nu wọn. Ẹ má rò pé wọ́n ti yanjú ẹ̀ níbí.

Ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbé e lé ni pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń bá gbogbo ènìyàn tọ́jú àwọn omi tí ọkọ̀ lè gbà, kò sì lè tà wọ́n dànù. Ní ọdún 1869, ìpínlẹ̀ Illinois gbé ilẹ̀ abẹ́ omi Adágún Michigan tó wà níwájú ìlú Chicago fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan. Nígbà tó di ọdún 1873, wọ́n kábàámọ̀, wọ́n gbà á padà. Ìpínlẹ̀ pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́, ẹjọ́ sì dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tó dá a ní ọdún 1892 pé ìpínlẹ̀ kò lè yọwọ́ nínú irú omi bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó ń ta oko.

Níbí ní Michigan, obìnrin kan ń rìn létí Adágún Huron níwájú ilé àwọn aládùúgbò rẹ̀, wọ́n ní kó má rìn níbẹ̀. Ní ọdún 2005, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ yìí sọ pé ó lè rìn, láti inú omi títí dé ibi tí omi máa ń fi àmì sí nígbà tí ó bá kún, bí ìwé onílẹ̀ tilẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ju ibẹ̀ lọ. Awọnlẹ̀, ẹ ò rí i pé ohun tí ẹ sọ náà ni! Ṣùgbọ́n àwọn adágún ńlá nìkan ni ìdájọ́ yẹn kàn. Ní ti àwọn adágún kéékèèké, tí wọ́n pọ̀ níbí ju kànga lọ, ẹni tó ní ilẹ̀ létí omi ló sábà máa ń ní ẹ̀tọ́ láti kan jẹ́tì, ẹ̀tọ́ náà sì rọ̀ mọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Kò lè fi dá ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn dúró lórí omi. Ní Wisconsin, tó jẹ́ aládùúgbò wa, bí jẹ́tì kò bá fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ, tí kò sì wọnú omi ju ibi tí omi ti jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ tàbí ibi tí ọkọ̀ ẹni nílò láti léfòó, kò sábà nílò ìwé àṣẹ. Àwọn ará ibẹ̀ tún ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ràn: níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ bá ti tutù, kò sí ẹni tó lè lé ọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti gba ọ̀nà ìlú wọnú omi lè rìn kiri nínú omi náà, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gun orí ilẹ̀ gbígbẹ ẹlòmíràn, ó ti rú òfin.

Ní Michigan níbí, ibi tí ìjà ti le jù ni ìparí òpópónà tó kan omi. Ìlú ló ni òpópónà, àwọn tí ilé wọn kò sí létí omi a máa kan jẹ́tì sí ìdí rẹ̀, wọ́n á so ọkọ̀ mọ́ ọn láti ìgbà ẹ̀rùn dé ìgbà òtútù, ìparí òpópónà ìlú á wá di ti ènìyàn mẹ́fà. Ní ọdún 2012 ni wọ́n ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ so ọkọ̀ sùn síbẹ̀ mọ́ bí kò bá sí ìwé tó fún un láyè.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Swídìn ní tiwọn yàtọ̀ pátápátá, pé láàárín mítà 100 sí etí omi, ènìyàn kò lè ṣàdédé kọ́ ilé, kì báà jẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Bavaria ní Jámánì sì kọ ọ́ sínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ wọn ní ọdún 1946 pé ìjọba gbọ́dọ̀ máa ṣí ọ̀nà òkè àti adágún sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn.

Ọlọ́gbà Etí Omi (ọjọ́ 8, oṣù Kẹfà)

Ó dára. Ṣé Bavaria ló máa wá gbá ìgò ọtí iwájú ọgbà mi?

Agbẹjọ́rò Etí Asà (ọjọ́ 8, oṣù Kẹfà)

Rárá, sà, ìbéèrè yín sì tọ́. Ẹ fi pátákó síbẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ pé omi jìn, kí ẹ sì bá báálẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ìlú yan ẹni tí yóò máa mójú tó o. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àwọn tó ń ṣe àríyá lọ́jọ́ Àìkú àti àwọn tó ń pọn omi ní àárọ̀ kì í ṣe ènìyàn kan náà. Wáyà tí ẹ fi yí ọgbà ká kò mọ ìyàtọ̀ wọn.

Apẹja Jẹ́bà (ọjọ́ 10, oṣù Kẹfà)

Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, ẹ ṣeun, àgbẹjọ́rò pàápàá. Ohun kan ni n kò rí kí ẹnì kan sọ.

Bàbá Tíṣà fẹ́ kan jẹ́tì ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lójú ẹni tó wà lórí ilẹ̀, kò tó nǹkan. Lójú ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ, ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ máa ń ru omi adágún sókè lójijì, ìgbì rẹ̀ a sì máa kọlu ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó fà mọ́ etí omi, a ó máa fi ọ̀pá ti ọkọ̀ lọ níbi tí omi kò ti jìn, kí ó lè jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹsẹ̀ wa yóò kan ilẹ̀. Ẹni tó bá wá kan pákó jáde sójú omi ní ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti lé wa síbi tó jìn ní ọjọ́ tí a kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Jẹ́tì kan ṣoṣo, a lè fara dà á. Bí aládùúgbò rẹ̀ bá wá rí i tí òun náà kan tirẹ̀, tí ẹ̀kẹta náà tún kan tirẹ̀, etí omi ti tán nìyẹn. Àwọ̀n wa pẹ̀lú a máa kọ́ sára òpó.

Bí ó bá jẹ́ dandan, kí ó kúrú, kí òpó rẹ̀ jìnnà síra wọn, kí pákó rẹ̀ sì ga tó kí ọkọ̀ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ẹni tó bá tẹrí ba. Ohun tó dára jù lọ ni èyí tó ń léfòó, tí a fi dúrọ́ọ̀mù oníke sí abẹ́ rẹ̀, nítorí pé omi dáàmù a máa lọ sókè a sì máa wá sílẹ̀. Èyí tí wọ́n bá fi òpó kàn nínú ẹ̀ẹ̀rùn, omi yóò bò ó mọ́lẹ̀ ní ìgbà òjò. Èyí tí wọ́n bá sì kàn nígbà òjò, inú ẹrẹ̀ ni yóò dúró sí nínú ẹ̀ẹ̀rùn bí ẹṣin tó ti kú.

Òṣìṣẹ́ Omi (ọjọ́ 11, oṣù Kẹfà)

N kò fẹ́ ba inú ẹnikẹ́ni jẹ́, ṣùgbọ́n mo ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe omi ẹ̀rọ mọ́ rí. Ṣé dáàmù tí ìlú ń mu omi rẹ̀ ni? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo etí rẹ̀ ni ó yẹ kí ọ̀nà wà. Nítòsí ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa omi, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọ nǹkan kan, kì báà ṣe irú, kì báà ṣe aṣọ, kì báà ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Èèpo irú tó bá pọ̀ nínú omi á jẹrà, á mú kí ewé omi hù, owó tí a ó fi ra kẹ́míkà tí a ń fi ṣe omi mọ́ á sì lé sókè. Ọṣẹ burú jù ú lọ. Ilé tuntun tó ní ṣáláńgá létí omi ló sì burú jù gbogbo wọn lọ, Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn nípa ilé kékeré yín.

Ọmọ Oníirú (ọjọ́ 11, oṣù Kẹfà)

Òótọ́ ni, sà, àwọn ìyá wa náà mọ̀ ọ́n kí dáàmù tó dé. Ní odò wa àtijọ́, òkè odò ni ibi ìpọnmi, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà wọ̀ ọ́. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni a ti ń fọ aṣọ, nísàlẹ̀ tún sí i ni a ti ń fọ irú, tí a sì ń rẹ ẹ̀gẹ́. Ọmọdé tó bá fi apẹ̀rẹ̀ irú kan omi òkè, ìyá ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ló ń nà án, kì í dúró de ìyá rẹ̀. Adágún dáàmù ló da gbogbo rẹ̀ pọ̀, nítorí pé kò ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀. Kí ìjọba tó ń sé omi fi ọwọ́ hàn wá pé ibí ni kí ẹ ti máa fọ nǹkan, ibí ni kí ẹ má dé, kò ní ṣòro fún wa láti tẹ̀ lé.

Olùkọ́ Àná (ọjọ́ 2, oṣù Keje)

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Mo lọ sí ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó rí ẹni tó fi máàpù hàn mí. Ohun tí Awọnlẹ̀ sọ rí bẹ́ẹ̀. Ìlà ilẹ̀ tí ìjọba gbà fún dáàmù gba àárín pílọ́ọ̀tì mi ìsàlẹ̀ kọjá. Pílọ́ọ̀tì òkè bọ́ sí ìta rẹ̀, ti ìsàlẹ̀ kò yọ ju ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ. Mo padà sọ́dọ̀ ẹbí tó tà á fún mi, wọ́n fún mi lómi mu, wọ́n sì sọ pé owó ti tán.

Mo tún lọ tú ilẹ̀ etí omi bí ọmọ wa ti ní kí n ṣe. Igi tí mo mú dání wọlé dé ibi ọrùn ọwọ́ mi kí ó tó kan amọ̀. Èèpo ni gbogbo rẹ̀. N kò mọ odi náà mọ́.

Ọmọ Abẹ́ Omi (ọjọ́ 2, oṣù Keje)

Bàbá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi omi mímu tán yín ní sùúrù. Kí wọ́n fún yín ní ilẹ̀ mìíràn tó bá pílọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ mu, lókè ìlà. Ẹbí tó ta ilẹ̀ abẹ́ omi kò lè sọ pé òun kò ní ilẹ̀ orí òkè. Ohun tí a ṣe fún ẹni tó ra tiwa nìyẹn, ó sì gba ọdún méjì, ṣùgbọ́n a ṣe é.

Olùkọ́ Àná (ọjọ́ 21, oṣù Kẹsàn-án)

Mo ní kí n wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Omi ti kún. Mo rìn lọ síbẹ̀ lánàá, mo sì wá bíkọ́nì mi kẹta títí kí n tó rí i nínú omi tó mu mí dé itan, pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lórí, ẹja epìyà kékeré méjì sì ń yí i po bí ẹni pé àwọn ló ra ilẹ̀. Ẹbí náà ti gbà láti fi ilẹ̀ mìíràn dí tèmi, a kò tíì fẹnu kò lórí ibi tí yóò jẹ́.

Ní ti jẹ́tì, mo kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń ṣe àkóso dáàmù, mo sì bèèrè fún èyí tó ń léfòó, ìṣísẹ̀ márùn-ún péré, tí àwọn apẹja méjì náà lè so ọkọ̀ mọ́. Wọn kò tíì dá mi lóhùn. Bí wọ́n bá kọ̀, n ó máa jókòó sórí kùkùté náà.

Lórí ilẹ̀ òkè tó jẹ́ tèmi, mo fẹ́ fi ọ̀nà náà sílẹ̀, kí n sì kọ ọ́ sínú pílánì kí ẹni tó bá jogún mi má baà dí i. Awọnlẹ̀, báwo ni kí ó ti fẹ̀ tó?

Awọnlẹ̀ (ọjọ́ 21, oṣù Kẹsàn-án)

Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tó fún ènìyàn kan tó ń rìn.

Ọmọ Oníirú (ọjọ́ 22, oṣù Kẹsàn-án)

Kò tó, sà. Ẹni tó ń lọ gbé apẹ̀rẹ̀ gbígbẹ, ẹni tó ń bọ̀ gbé èyí tó ń kán omi sórí, kò sì lè wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tó mẹ́jọ.

Olùkọ́ Àná (ọjọ́ 22, oṣù Kẹsàn-án)

Ó di mẹ́jọ. Mo ti sọ fún ẹni tó ń ya pílánì.